Ọba Méjì, Odò Méjì: Láti Canterbury dé Erúnmu

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àpéjọ àwọn ọmọ ìlú àti abúlé agbègbè Ẹ̀gbẹ́dá, Lágelú, Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà

  

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ ohun tí ojú mi rí nínú ilé ìsìn àtayébáyé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún wọn pé Erúnmu ni ọ̀rọ̀ mi máa já sí, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti dúró níwájú ibojì ọba kan ní Canterbury ni ọ̀rọ̀ ọba kejì, èyí tó wà nítòsí wa níbí, kò ti jẹ́ kí n sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti abúlé tiwa. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti rì mí bọmi, ilé alámọ̀ ni, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Agogo rẹ̀ kì í ṣe agogo ní ti gidi. Rímù ọkọ̀ lọ́rì ni, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò, ọ̀pá irin kúkúrú tí bàbá ìjọ fi ń lù ú sì máa ń wà ní ìdí igi náà tọ̀sán-tòru. Kò sẹ́ni tó jí i rí. Tó bá dún láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn tó wà ní abúlé kẹta máa ń gbọ́ ọ. Bíbélì orí pẹpẹ ti já lẹ́yìn, ìyá mi ló fi aṣọ òfì àlòkù rán an. Inú ìwé yẹn ni mo ti mọ ìwé kà, mi ò sì bi ara mi rí pé ta ló kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ náà sínú èdè wa.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé Àjàyí ló ṣe aṣáájú iṣẹ́ náà, ọmọ Òṣóògùn, ní apá Òkè-Ògùn ìpínlẹ̀ wa yìí. Ogun kó ìlú wọn lọ́dún 1821, nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọdékùnrin. Wọ́n tà á, ẹni tó rà á tún un tà, títí tó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Lọ́dún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi lọ́dún 1825, tó di Samuel Crowther. Ọdún 1846 ló tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ogun ti yà wọ́n. Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, ẹ ó mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ọmọ yìí kan náà ni wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú Kàtídírà Canterbury, lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá tó darí ọkọ̀ Myrmidon lọ́dún 1822, Leeke, ti di àgbàlagbà nígbà náà, ó wà nínú ìjọ lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin kan náà wà níbẹ̀, opó Bíṣọ́ọ̀bù Weeks, tó ti kọ́ Àjàyí níwèé nígbà tí Àjàyí wà lọ́mọdé ní Freetown. Ẹni tó tú u sílẹ̀ lóko ẹrú àti ẹni tó kọ́ ọ ní lẹ́tà, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe ń gbọ́wọ́ lé e lórí.

Nítorí ọjọ́ yẹn ni mo ṣe lọ sí Canterbury. Mo fẹ́ tẹ ilẹ̀ tí Àjàyí tẹ̀.

Rélùwéè ló gbé mi láti Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bíi wákàtí kan. Ìlú náà kò tóbi, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn ín já kí oúnjẹ tó jinná. Ojú títì tóóró kan ló gbé mi dé ẹnu géètì gbígbẹ́ kan, mo sanwó ìwọlé, mo sì bọ́ sí gbangba. Ìgbà náà ni mo rí i. Mi ò ní fi gígùn rẹ̀ da yín láàmú. Bí ẹ bá ti dúró sí ìsàlẹ̀ Mápó rí, tí ẹ gbójú sókè wo òpó rẹ̀, ẹ fi kún un lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹ wá fi òkúta tí wọ́n gbẹ́ bí iṣẹ́ ọnà ara ìlẹ̀kùn ààfin bo gbogbo rẹ̀. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti irinwó ọdún tí wọ́n ti ń sìn ní ìlú yẹn. Lọ́dún 597 ni Augustine dé láti Róòmù, ó bá ọba Ethelbert lórí oyè. Kristẹni ni ayaba rẹ̀, Bertha, kí àlejò náà tó dé. Nígbà tí mo kà á, ìjọ Kúdẹtì ní Ìbàdàn ni mo rántí. Míṣọ́nnárì David Hinderer wọ Ìbàdàn lọ́dún 1851, ó sì mú Anna aya rẹ̀ wá lọ́dún 1853. Àwọn ìjòyè Ìbàdàn ló fún wọn láyè. Àlejò kì í dá ilẹ̀ dó sí, onílẹ̀ ló ń fi ibùjókòó hàn án.

Nínú ilé náà ni mo ti bá ìtàn Thomas Becket pàdé. Ọ̀rẹ́ ọba ni Thomas. Henry Kejì ló fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù àgbà lọ́dún 1162, ó rò pé ọ̀rẹ́ òun á máa ṣe tòun. Bí Thomas ṣe gun orí oyè tán ni ó kọ̀yìn sí ọba: ohun tó bá ti jẹ́ ti ìjọ, kò gbà kí ààfin tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìjà náà le débi pé ó sá lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Ó padà dé tán, ìjà kò tán. Ọba bínú, ó sọ̀rọ̀ kan níṣojú àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí ààfin mọ ohun tí ìbínú ọba máa ń dá sílẹ̀, pé ọba lè má tíì pàṣẹ kí àwọn ìránṣẹ́ ti gbéra. Àwọn ọmọ ogun mẹ́rin sọdá òkun, wọ́n bá Thomas nínú ilé Ọlọ́run ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1170, wọ́n fi idà ṣá a lórí pa. Idà ọ̀kan nínú wọn kán nígbà tó bá òkúta ilẹ̀.

Ibi tí ó ṣubú sí wà níbẹ̀ títí dòní. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fín sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì fi irin ṣe ère idà ṣóńṣó-ṣóńṣó kọ́ sára ògiri lókè rẹ̀. Lọ́dún 1982, Póòpù John Paul Kejì àti Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Runcie kúnlẹ̀ pọ̀ gbàdúrà níbẹ̀, Kátólíìkì àti Áńgílíkà, lẹ́yìn ìjà bí irinwó ọdún ó lé.

Nígbà tí wọ́n pa Thomas, àwọn mọ́ńkì gbọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jọ, wọ́n fi omi là á títí kò fi ju ẹ̀kán kan nínú omi púpọ̀ lọ, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò òjé kékeré fún àwọn aláìsàn. Ẹnì kan lè máa mi orí níbẹ̀ yẹn. Ẹ rántí ọdún 1930 ní Òkè-Òoyè, Iléṣà, nígbà tí àwọn èèyàn ń gbé ìkòkò àti ìgò láti ìlú jíjìn wá gba omi tí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbàdúrà sí. Ìyá àgbà mi gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹni tí àìsàn bá dè mọ́lẹ̀ kì í béèrè bóyá ìlú òyìnbó ni ìwòsàn ti wá tàbí Iléṣà.

Ọba Henry fúnra rẹ̀ wá tọrọ àforíjì lọ́dún 1174. Ó bọ́ bàtà, ó fẹsẹ̀ lásán rìn wọ ìlú, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọn mọ́ńkì sì nà án lẹ́gba. Ọba aládé! Lọ́dún 1220, wọ́n gbé egungun Thomas sínú pósí tí wọ́n fi wúrà àti òkúta iyebíye bò, wọ́n gbé e sí orí ilẹ̀ gíga ní ẹ̀yìn pẹpẹ, gbogbo Yúróòpù sì ń wọ́ wá. Wọ́n wọ́ wá bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọdún, títí di 1538, nígbà tí Henry mìíràn, Ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ, ní kí wọ́n wó o. Wọ́n kó wúrà lọ. Egungun náà pòórá.

Ohun tó mú mi dúró pẹ́ jù lọ nínú gbogbo ilé náà ni àtẹ̀gùn tó gbéni lọ síbẹ̀. Òkúta ni, ṣùgbọ́n ó ti jẹ wọlẹ̀ bí ọlọ tí ìyá àgbà ti fi lọ ata láti ìgbà ọmọge. Orúnkún ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, orúnkún àwọn tó ń kúnlẹ̀ gòkè. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi lé ibi tó jìn náà, ó tutù, ó sì ń dán. Lókè, níbi tí pósí wúrà wà nígbà kan, kò sí nǹkan kan mọ́. Ilẹ̀ lásán ni, àti àbẹ́là kan ṣoṣo tó ń jó. Wọn kò kọ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi òfìfo náà sílẹ̀, wọ́n tan iná sí i, àwọn èèyàn sì ń wá títí di òní láti wo ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ní apá kan òfìfo yẹn ni wọ́n sin Edward sí, àrẹ̀mọ Ọba Edward Kẹta, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ọmọba Dúdú. Jagunjagun ni, ó kú lọ́dún 1376 ṣáájú bàbá rẹ̀, kò sì dé orí oyè. Ère rẹ̀ sùn gbalaja lórí ibojì, tòun ti ẹ̀wù ogun, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà. Àṣíborí rẹ̀, asà rẹ̀, ìbọ̀wọ́ irin rẹ̀, àní ẹ̀wù aláṣọ tó ń wọ̀ lé ẹ̀wù irin lórí pàápàá, wọ́n tọ́jú wọn fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Aṣọ o! Ẹ̀yin tí ẹ ní àpótí aṣọ òfì mọ bí kòkòrò ṣe ń ṣe é.

Ní apá kejì ni Henry Kẹrin wà pẹ̀lú Joan ayaba rẹ̀. Lọ́dún 1399 ni ó gba ìjọba lọ́wọ́ Richard, ọmọ Ọmọba Dúdú yẹn gan-an, tó jẹ́ ìbátan tirẹ̀ náà. Ó kú lọ́dún 1413. Ìtàn kan wá jáde pé nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ lórí odò Thames, ìjì dé, ẹ̀rù ba àwọn atukọ̀, wọ́n gbé òkú ọba sọ sínú omi, ìjì sì rọlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pé pósí òfìfo ni wọ́n gbé dé Canterbury. Àwọn tó kórìíra bó ṣe dé orí oyè fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé odò pàápàá ti dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó lé ní irinwó ọdún tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Lọ́dún 1832, àwọn alákòóso kàtídírà ní àwọn fẹ́ mọ òótọ́. Wọ́n ṣí ibojì, wọ́n gé ojú pósí, wọ́n sì rí ojú ọkùnrin kan tí kò tíì jẹrà, irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, ó ki. Wọ́n rọra dé e padà.

Ibẹ̀ yẹn ni mo dúró sí tí Erúnmu fi wá sí mi lọ́kàn.

Samuel Johnson ló kọ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe so pọ̀: bàbá Johnson bá Hinderer ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, nínú iṣẹ́ ìjọ yẹn ni ọmọ náà dàgbà, òun fúnra rẹ̀ sì ṣe olùkọ́ ní Arẹ̀mọ. Ó parí ìwé rẹ̀ lọ́dún 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó kú lọ́dún 1901 láìrí i. Ọbádíà àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde lọ́dún 1921. Bí àbúrò yẹn bá ti rẹ̀wẹ̀sì, a kì bá tí ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lọ́wọ́.

Johnson ní nígbà tí ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé yí Òwu ká, tí ebi sì mú ìlú, Olówu Akínjọbí jáde sá. Erúnmu ló sá wá. Olórí Erúnmu, Olúrókò, kò lé e. Ó mọ̀ pé ogun ń bọ̀ lẹ́yìn àlejò yìí, ó sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ogun dé, wọ́n dó ti Erúnmu, ìlú bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ọba Òwu náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ta ló máa pa á? Ọba aládé ni. Kò sí ọmọ Yorùbá nínú gbogbo ogun náà tó jẹ́ fi ọwọ́ kan adé. Johnson ní ẹrú kan tó jẹ́ ará Dàhọ̀mì, tí kò mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ni wọ́n ní kó yìnbọn. Ọba ṣubú. Gbogbo àwọn ọ̀gágun wá kó ara wọn jọ láti sin ẹni tí wọ́n ti lé títí tó fi kú. Wọ́n sé odò kan. Wọ́n gbẹ́ ibojì jíjìn sí ìsàlẹ̀ odò náà, wọ́n tẹ́ ọba sínú rẹ̀, wọ́n sì tú omi sílẹ̀ kó máa ṣàn kọjá lórí rẹ̀. Ètùtù ni, nítorí ohun tí wọ́n ṣe wúwo.

Ẹ gbé àwọn ọba méjèèjì wò. Ti Gẹ̀ẹ́sì, òkúta ni wọ́n fi bò ó, ìtàn ní omi ló gbé e lọ. Tiwa, omi ni wọ́n fi bò ó ní tòótọ́, kí ojú má baà rí i mọ́. Àwọn kan gbé ère ọba wọn síta gbangba kí gbogbo ayé wò ó. Àwọn baba wa mọ̀ pé òkú ọba kì í ṣe ohun àfihàn. Mi ò rò pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ohun pamọ́ nílò ẹni tó ń ṣọ́ ibi tó pa á mọ́ sí, nítorí ibi ìkọ̀kọ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ kò yàtọ̀ sí oko àgbẹ̀ kejì.

Mo tún fẹ́ kí ẹ rí i pé sáà kan náà ni, rògbòdìyàn kan náà tó jó ilẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Iná tó lé Olówu dé Erúnmu, ìran iná tó mú Àjàyí ní Òṣóògùn ni. Ọ̀kan wọ abẹ́ omi nítòsí wa. Omi gbé èkejì lọ, ó sì gbé e dé Canterbury.

Ohun tí mo ń bọ̀ wá bẹ̀ yín ni pé kí ẹ máa ṣọ́ odò yẹn, kí ẹ sì máa mú àwọn ọmọ dé etí rẹ̀. Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan máa sọ, mo ti gbọ́ tàwọn àáfà náà: pé ìbọ̀rìṣà ni ká máa pe èèyàn lọ síbi òkú. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá ń bẹ̀rù Ọlọ́run bẹ́ẹ̀. Henry Kẹjọ náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń kó wúrà lọ. Èmi kò ní ká bọ ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn á ní, ohun tí àwọn baba fi omi bò, kí ló dé tí a fi máa tú u? Ìyẹn wọ̀ mí lára jù. Mo ti rò ó títí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ṣọ́bìrì. Ohun tí àwọn ará Canterbury ṣe lọ́dún 1832, kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ níbí, ìtìjú ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn awayanrìn kò ka ìwé Johnson. Tipa ń wọ inú odò wa lójoojúmọ́. Àwọn tó ń ta pílọ́ọ̀tì láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Lálúpọn, láti Mọ́níyà dé Akanran, wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ sí ojú omi, wọ́n ń fi katakata tẹ́ igbó àwọn baálẹ̀ àtijọ́ pẹrẹsẹ. Ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn baba fi bọ̀wọ̀ fún ọba, òun náà ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ́ ilé ìfọmọ́tò sórí rẹ̀.

Nǹkan mìíràn sì wà. Ọmọ Ìbàdàn ni Johnson ní gbogbo ọ̀nà tó ṣe pàtàkì. Àwọn tó ṣẹ́gun ló sọ ìtàn fún un. Ọmọ Òwu lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Ọmọ Erúnmu, tí baba rẹ̀ gba àlejò tó sì fi ìlú rẹ̀ dí i, ó yẹ kó sọ ọ́ lọ́nà mìíràn! Ní Canterbury, gbogbo ohun tí Thomas ṣe ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá, láàárín ọdún díẹ̀ tó tẹ̀lé ikú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi lè bá a jiyàn lónìí. Níbí, ìwé kan ni ọ̀pọ̀ wa gbójú lé, ìwé tó sì ti sọnù rí. Ohun tó kù wà nínú àwọn àgbà tó jókòó lórí àga wọ̀nyẹn, ní ọwọ́ òsì mi. Ní Akanran náà, ọ̀rọ̀ Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà lọ́dún 1968 àti 1969, ṣì wà lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn ti lé ní àádọ́rin báyìí.

Ìbéèrè mi sí Kábíyèsí àti àwọn àgbà Erúnmu kò pọ̀. Bí odò náà bá ṣì wà tí ẹ mọ̀ ọ́n, kí a gbin igi sí etí rẹ̀, kí a fi òfin ìlú dí ọ̀nà tipa. Kí ẹ má sọ ibi tí ojú omi náà wà gan-an fún ẹni tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ mú àwọn ọmọ iléèwé tó jókòó síwájú níbí dé etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí àgbà kan dúró síbẹ̀, kó sọ fún wọn pé ọba kan sá wá bá wa, a kò sì lé e. Àtẹ̀gùn òkúta kọ́ ni a ní, ẹsẹ̀ ọmọdé tó ń rìn lọ tó ń rìn bọ̀ lórí ilẹ̀ pupa náà máa ń fi ọ̀nà sílẹ̀.

Mo mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání lónìí, ó wà nínú àpò mi yìí. Bí ìjókòó bá ti tú, mo máa wà lábẹ́ igi ọdán tó wà níta, mo ti ní kí wọ́n gbé àga méjì síbẹ̀. Bàbá tó mi orí nígbà tí mo dárúkọ Olúrókò, mo rí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ.